Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín Ń Dún Bí Kò Ṣe Ń Dún Tẹ́lẹ̀? Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Ariwo Náà Ti Ń Wá, Kí Ẹ sì Wá Nǹkan Ṣe Sí I

Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù nípa ọkọ̀ nìyí: "Ẹ́ńjìnnì mi ń dún, kí ló ń ṣe é?" Ẹnì kan á ní ó ń dún "ká-ká-ká", ẹlòmíì á ní "kọ́-kọ́-kọ́", á sì máa retí kí n dárúkọ páàtì tí yóò lọ rà. Bó ṣe ń dún nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó ń dún ló ṣe pàtàkì jù. Ṣé àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni, àbí ìgbà tó ti gbóná? Ṣé ìgbà tí ẹ bá tan AC ni? Ṣé ó ń dún lórí ìdúró, àbí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè nìkan? Ariwo méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀tì tó tú lásán, kí èkejì sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú. Ìgbà tí wọ́n ń dún la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Torí náà, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó sísàlẹ̀ yìí.

Àwọn ariwo tó ní kí ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀

Ẹ ka apá yìí kí ẹ tó ka ìyókù. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa á, ẹ má sì tún taná sí i:

- Iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ì báà máa pariwo tàbí kó dákẹ́.
- Nǹkan ń kàn gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yára sí i bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́tù.
- Géèjì ìgbóná ti wọ ibi pupa, tàbí èéfín funfun ń rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
- Irin ń ha irin, tàbí ariwo òjijì kan bẹ̀rẹ̀ tí agbára ọkọ̀ sì wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ìdí tí mo fi le mọ́ èyí ni pé ọ́ìlì nìkan ló ń dá irin crankshaft (ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) dúró kó má fara gbo bẹ́rìǹgì tó jókòó lé. Tí agbára tí ọ́ìlì fi ń tú bá ti lọ, irin á máa lọ irin, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá. "Ẹ jẹ́ n rọra wà á délé" ló ti sọ àtúnṣe kékeré di ẹ́ńjìnnì tuntun fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀.

Iná ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ọsàn yàtọ̀ síyẹn. Tó bá tàn tó sì dúró, ẹ lè wa ọkọ̀ lọ sí ibi àyẹ̀wò. Àmọ́ tó bá ń ṣẹ́jú, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n, epo tí kò jó ń lọ sínú sáílẹ́ńsà nìyẹn, ó sì lè jó catalytic converter (ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́) run. Ẹ dín eré kù, kí ẹ wá ibi dúró sí.

Kí ẹ tó kí orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

- Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, níta gbangba. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín ọkọ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.
- Ẹ fa búréèkì ọwọ́, kí ẹ fi jíà sí P tàbí níútírà.
- Ẹ bọ́ ṣéènì ọrùn àti òrùka, ẹ ká apá aṣọ, ẹ di irun tó bá gùn. Bẹ́líìtì kì í fúnni láyè láti fa ọwọ́ padà.
- Ẹ jìnnà sí fáànù rédíétọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó lè dédé máa yí nígbà tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì pàápàá.
- Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná láéláé. Omi tó wà nínú rẹ̀ ti gbóná kọjá 100°C nígbà míì, ìfúnpá ìdérí ni kò jẹ́ kó hó. Bí ẹ bá ti ṣí i ló máa hó lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì tú sí yín lójú.

Àyẹ̀wò ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

1. Ẹ wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ni lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró, kí ẹ rọra tẹ tọ́tù títí géèjì RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á fi dé nǹkan bí 2,500. Bí ariwo náà bá yọjú tó sì ń bá eré ẹ́ńjìnnì lọ, ẹ́ńjìnnì tàbí ohun tó so mọ́ ọn ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn nìkan lẹ ń gbọ́ ọ, tó ń pọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, tí kò sì yí padà nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ lọ wo táyà, bẹ́rìǹgì ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti búréèkì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bi mí léèrè nípa ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn ló ń dún.

2. Ẹ wo ọ́ìlì. Mi ò ní dákẹ́ lórí èyí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè sàn wálẹ̀. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ fi aṣọ funfun nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ délẹ̀, kí ẹ tún fà á yọ. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ fà kì í ṣe ẹ̀rí, torí ọ́ìlì ti ta sí i lára. Ó yẹ kí ojú ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, àlàfo àmì méjèèjì tó nǹkan bíi lítà kan.

Ẹ wá wo aṣọ tí ẹ fi nù ún. Ẹ mú un síta sínú oòrùn tàbí kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i:

- Tó bá dúdú lásán, ọ́ìlì tó ti pẹ́ ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
- Tó bá rí bíi tíì oní-mílíìkì, omi rédíétọ̀ ti ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹ má wà á mọ́.
- Tó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, epo ń jò sínú ọ́ìlì, ó sì ń sọ ọ́ di fúyẹ́.
- Tí nǹkan wínníwínní tó ń dán bí wúrà tàbí fàdákà bá wà lórí aṣọ náà, bẹ́rìǹgì inú ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ. Àyẹ̀wò tán nìyẹn, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Tí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ẹ fi irú tí ìwé ọkọ̀ yín ní kí ẹ lò kún un díẹ̀díẹ̀. Àkúnjù náà ò dára, torí crankshaft á máa lù ú di ìfófòó. Afẹ́fẹ́ á wọ inú ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì tún bẹ̀rẹ̀ ariwo mìíràn.

3. Ẹ gbọ́ ọ ní tútù, kí ẹ tún gbọ́ ọ ní gbígbóná. Ẹ taná sí ọkọ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ ní fídíò látìgbà tí ẹ ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ tún ká a nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná.

4. Ẹ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tan AC, ẹ pa á. Ẹ yí sítíárìn lọ sí apá kan títí dé òpin, kí ẹ dá a padà. Ẹ tan iná ńlá. Èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí tó bá yí ariwo padà ti fi ibi tí ẹ máa wò hàn yín.

5. Ẹ fi etí wá ojú ibi tó ti ń dún. Stethoscope mẹkáníìkì (ohun tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ ariwo, bíi ti dókítà) kò wọ́n. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ mú sikurudíráífà gígùn kan: ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan irin, kí ẹ fi orí rẹ̀ ti egungun iwájú etí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná), kí ẹ lọ sí wọ́ọ̀tà pọ́ǹpù, kí ẹ bọ́ sórí ìdérí fáàfù lókè, kí ẹ wá parí sí àwo ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ní ojú ibi gan-an tí àléébù wà, ariwo náà á mú gan-an, bí ìgbà tí wọ́n ń kan ìṣó létí yín. Tí ẹ bá sún in ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré, ó ti rọlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá fi ń ṣe èyí.

6. Ẹ yọ bẹ́líìtì ìta. Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù nìyí, òun náà sì làwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ya àwòrán bí bẹ́líìtì ṣe gbà kọjá, ẹ fi sípánà tú tensioner (púlì tó ń na bẹ́líìtì), kí ẹ yọ bẹ́líìtì kúrò. Ẹ wá taná sí i fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 péré, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́líìtì yìí ló ń yí wọ́ọ̀tà pọ́ǹpù. Iná bátìrì á tàn, ẹ má bẹ̀rù. Tí ariwo bá lọ, ẹ́ńjìnnì yín kò ní nǹkan kan: ọ̀kan nínú àwọn páàtì tí bẹ́líìtì ń yí ni. Ẹ pa á, ẹ fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ha, tó ń mì, tàbí tó ń dún bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀ ni ẹ ń wá. (Àwọn ọkọ̀ kan ní bẹ́líìtì tí kò ní tensioner, tó nílò irinṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mẹkáníìkì.)

Ohun tí ariwo kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́

Tì-tì-tì lókè ẹ́ńjìnnì

Ẹ wo ọ́ìlì ná. Tó bá pé, ẹ bi ara yín bóyá irú ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ ló yẹ. Ọ́ìlì tó ki ju ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ, bíi 20W-50 nínú ẹ́ńjìnnì tó ń béèrè 5W-30, máa ń pẹ́ kó tó dé òkè láàárọ̀, tápẹ́ẹ̀tì (irin kéékèèké tó ń ti fáàfù) á sì máa lù gbígbẹ. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, kí ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó pinnu ohunkóhun. Bí kò bá lọ, tápẹ́ẹ̀tì tàbí àlàfo fáàfù ló kàn.

Ohun kan wà tó máa ń dún bákan náà: gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti sáílẹ́ńsà tó ti já. Ó máa ń dún jù ní tútù, á sì rọlẹ̀ bí irin ṣe ń gbóná tó sì ń wú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá èédú dúdú ní ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀.

Ti injector, ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, sì wà: ó máa ń dún tì-tì-tì kíákíá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìdábọ̀. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Kọ́-kọ́-kọ́ tó wúwo

Níbí lẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ jù, torí níbí ni owó ti ń ṣègbé. Bí ó bá ń dún ní tútù nìkan, tó sì parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, písítìnì tó ti láyè díẹ̀ nínú sìlíńdà rẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ̀ lè fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ bí kò bá ti ń mu ọ́ìlì.

Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń gbóná ló ń le sí i, torí ọ́ìlì tó gbóná ti fúyẹ́, tó sì ń kàn gidi nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, a jẹ́ pé bẹ́rìǹgì kọ́ńrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìnì mọ́ crankshaft) nìyẹn. Ọ́ìlì kíki tàbí oògùn inú ike tí wọ́n ń dà sí ọ́ìlì lè jẹ́ kó rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò ní wò ó sàn.

Àmọ́ kí ẹ tó gbà fún ẹnikẹ́ni pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ẹ ní kó yẹ àwọn nǹkan mẹ́ta yìí wò, torí wọ́n máa ń dún gẹ́lẹ́ bíi rẹ̀:

1. Púlì crankshaft níwájú. Rọ́bà wà láàárín irin inú rẹ̀ àti ti ìta. Bí rọ́bà yẹn bá já, irin ìta á máa lu kiri. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan kọjá lórí méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀, kí ẹ padà wò ó. Tí ìlà náà kò bá bára mu mọ́, ẹ ti rí i.
2. Flexplate, àwo irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà automatic, tó ti sán tàbí tí bóòtù rẹ̀ ti tú.
3. Compressor AC. Ẹ tan án, ẹ pa á, kí ẹ tẹ́tí.

Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro láti bi mẹkáníìkì tó ti dá ẹjọ́ tán ní ìbéèrè. Ẹ bi í. Owó tiyín ni.

Ṣẹ̀-ṣẹ̀-ṣẹ̀ bíi kọ́ìnsì nínú agolo, nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè

Epo ló ń gbiná láìtó àkókò nínú sìlíńdà. Ẹ wo octane (nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè dènà irú gbígbiná yìí tó) tí ìwé ọkọ̀ béèrè, kí ẹ má ra èyí tó kéré sí i. Tí epo bá dára, ẹ wo púlọ́ọ̀gì: ṣé irú tí ọkọ̀ yẹn ń lò ni? Ẹ wo ìgbóná ẹ́ńjìnnì náà. Èédú tó dì sórí písítìnì àti knock sensor (ohun tó ń gbọ́ kíkàn yìí fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀) tó ti kú wà lára ohun tó ń fà á. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ lo jíà tó kéré nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, kí ẹ má tẹ tọ́tù dé ilẹ̀. Gbígbiná láìtó àkókò yìí lè fọ́ orí písítìnì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ dísù, kíkàn díẹ̀ jẹ́ ìwà ẹ́ńjìnnì yín. Àyípadà lẹ ó máa wá.

Fíììììì láàárọ̀ tàbí nígbà òjò

Bẹ́líìtì ni. Ẹ fi ike kékeré tó ń fọ́n omi fọ́n omi díẹ̀ sí inú bẹ́líìtì, níhà tó ní ìlà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dúró jìnnà:

- Bí ariwo bá lọ fún ìgbà díẹ̀ tó tún padà, púlì kan kò tò ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ìyókù.
- Bí ó bá pariwo sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀ tàbí tensioner ti rọ.

Ẹ má fi ojú sísán nìkan dá bẹ́líìtì lẹ́jọ́. Àwọn bẹ́líìtì ìsinsìnyí tí wọ́n fi rọ́bà EPDM ṣe lè jẹ tán láìsán. Inú ìlà wọn ló ń jìn sí i. Bí ọ́ìlì tàbí omi rédíétọ̀ bá ti kán sí i, ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì tuntun náà á ké láìpẹ́. Ẹ má sì fọ́n ohun tí wọ́n ń tà pé ó ń pa ariwo bẹ́líìtì sí i. Ó ń fa ìdọ̀tí mọ́ra ni.

Wùùùùn tó ń ga bí ẹ ṣe ń yí sítíárìn

Ọ́ìlì sítíárìn ti dín. Ẹ bù ú kún un, kí ẹ wá ibi tó ń jò.

Gàrà-gàrà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí ẹ ṣe ń taná

Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo ṣéènì tímíìnì (ṣéènì tó so crankshaft pọ̀ mọ́ ohun tó ń ṣí fáàfù), tensioner tó ń na ṣéènì náà ń dúró de ọ́ìlì. Nígbà míì, fílítà ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú tí kò ní rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró kó má ṣàn padà ló fà á. Ẹ fi fílítà tó dára sí i, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Bí ó bá ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́, tàbí tó ń dún nígbà tó gbóná, ẹ má fi falẹ̀ o. Bí ṣéènì bá fò, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì fáàfù àti písítìnì á kọlu ara wọn. Bẹ́líìtì tímíìnì, tí àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn ń lò dípò ṣéènì, kò ní kìlọ̀ fún yín báyìí rárá. Máìlì tàbí ọdún tí ìwé ọkọ̀ sọ lẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣíììì àti pù-pù-pù

Ṣíììì, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n lórí ìdúró tàbí tó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ: afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ara rọ́bà kan tó ti sán. Ẹ máa fún àwọn rọ́bà náà pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú kí ẹ́ńjìnnì tún ohùn ṣe ni. Àwọn kan ń fọ́n oògùn kabureétọ̀ láti wá a. Nǹkan yẹn ń gbiná, ẹ má fọ́n ọn sórí irin gbígbóná.

Pù-pù-pù lórí ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì tó ti tú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa kí ẹ tó dè é, ẹ má fi agbára dè é jù.

Gbì! nígbà tí ẹ bá fi jíà sí i

Ẹ́ńjìnnì síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ti já. Kì í ṣe pàjáwìrì.

Àṣìṣe tí mo ń rí lemọ́lemọ́

- Kí ènìyàn gbé ohùn rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ.
- Kí ènìyàn máa tẹ tọ́tù gìdìgìdì lórí ìdúró láti "gbọ́ ọ dáadáa". Bí bẹ́rìǹgì ló ń jẹ, ẹ ti parí iṣẹ́ náà fún un.
- Kí wọ́n pààrọ̀ páàtì méjì, mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ kò ní mọ èyí tó wò ó. Ẹ̀yọ̀ kan ni kí ẹ ṣe, kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó ṣe òmíràn.
- Kí wọ́n gbàgbé irin pẹlẹbẹ tó ń bo sáílẹ́ńsà. Bí bóòtù rẹ̀ bá jẹrà, ó máa ń gbọ̀n ṣàkà-ṣàkà bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ti tú. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi ọwọ́ gbá a.

Bí ó bá di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì

Ẹ má sọ fún un pé "bá mi pààrọ̀ báyìí". Àwọn nǹkan tí ẹ máa mú lọ nìwọ̀nyí:

- Fídíò méjèèjì, ti tútù àti ti gbígbóná.
- Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ kẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀.
- Ohun tó ń jẹ́ kó pọ̀ sí i, àti ohun tó ń dá a dúró.
- Bí ọ́ìlì ṣe rí, àti aṣọ tí ẹ fi nù ún.
- Àwọn kóòdù tí ẹ̀rọ OBD (èyí tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ láti ka àṣìṣe rẹ̀) kà, bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn. P0301, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé sìlíńdà kìn-ín-ní ni kò jó dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa kóòdù rẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ariwo òwúrọ̀ nìkan ni, tó máa ń parẹ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sọ fún un pé kó má taná sí i títí ẹ ó fi dé.